Oyin Inú Sìgá

Inú àpótí pákó ni sìgá náà wà, mẹ́wàá gbáko, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bí àtàǹpàkò, àfi bíi pé ìlẹ̀kẹ̀ ọba ni wọ́n kó síbẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wá fẹ́ fẹ́ àbúrò mi obìnrin. Ọ́fíìsì kan l'Ékòó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdájí ló ń kúrò l'Abẹ́òkúta, ìrọ̀lẹ́ ló ń fi oorun ojú padà wọlé, àmọ́ tó bá la ẹnu, ẹ ó rò pé òun ló ra Èkó fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni àbúrò mi ti fi ṣe opó. Ọkùnrin yìí ló dá ẹ̀rín padà sí i lẹ́nu, èmi ò sì tíì dárí ìyẹn jì í. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin kò bá tíì ní òun gbà, kò sẹ́ni tó máa gba obì lọ́wọ́ àna kankan. Màmá là ń pè wọ́n, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lọ́sàn-án Sátidé tí ọkùnrin náà wá fojú hàn wọ́n, mo ti ń gbàdúrà kó ṣìṣe.

Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ó dìde, ó kẹ̀yìn sí Màmá, ó ṣí àpótí rẹ̀ síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó rèé. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fà ní Láfẹ́nwá o! Kò le rárá. Ẹ má gbé èéfín yẹn mì. Ẹ jẹ́ kó yí lẹ́nu yín. Ẹ óò kọ́kọ́ tọ́ oyin wò, ẹ̀pà yíyan á wá tẹ̀ lé e."

Ó fi abẹ kékeré kan gé ọ̀kan lórí jẹ́jẹ́, bí olóólà tó ń bẹ̀rù ìyá ọmọ.

Mo fà á. Kí n má parọ́, ó rọ̀. Ó yí lẹ́nu mi bí ẹ̀kọ mímu tí wọn ò fi ṣúgà sí. Mo wá oyin títí, iná igi tí wọ́n fi ń bọ ìrẹsì l'Ọ́fàdà nìkan ni mo rántí. Ṣùgbọ́n ṣé kí irú èyí wá rí mi bí ará oko?

"Hẹ̀n-ẹ́n," mo ní. "Oyin pọ́ńbélé!"

"Mo sọ fún yín!"

Màmá wúkọ́. "Tábà lẹ tú síta láìfi lọ̀ mí?"

Ogójì ọdún ni Màmá fi ń ra ewé tábà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Odeda, tí wọ́n ń tà á ní Láfẹ́nwá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá tú tábà níwájú àgbà, àgbà ló máa kọ́kọ́ bu díẹ̀ fún. Mo mọ̀. Mo kàn dákẹ́ kó lè ṣubú ni.

Màmá mú ọ̀kan, wọ́n yí i létí, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ojú ọkùnrin náà fẹ́ẹ̀ bọ́. Wọ́n fi díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ewé ìsàlẹ̀ ni. Ewé òkè ló máa ń ta ni lọ́fun. Wọ́n sá a sí ibòji, wọ́n sì fi pamọ́ pẹ́. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Ìwọ tó gbé e wá lo fi í sínú ọkọ̀ nínú oòrùn, ó ti gbẹ. Oyin wá dà?"

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò tọ́ oyin kankan wò rí. Ọ̀gá wa ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa á sì mi orí."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ tó tọ́ oyin pọ́ńbélé wò ńkọ́?"

"Ó... ó jọ oyin, mà."

"Oyin ti ta ẹ́ lórí! Èyí tó jẹ́wọ́ yìí, mo gbà á. Ẹ fún un lóúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí eléyìí máa lá oyin rẹ̀ lọ."

Iwájú ọkùnrin náà ni àbúrò mi gbé àwo náà sí. Ẹran tó yẹ kó jẹ́ tèmi ló wà lókè.

Títí di òní, kò mọ tábà, ọkọ àbúrò mi yìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún ló ń gbé àpótí kan wá, Màmá ló ń kọ́kọ́ bu fún, wọ́n á ní ká lọ̀ ọ́ mọ́ káún fún àwọn. Lẹ́yìn náà ni yóò yíjú sí mi, tòun ti ojú tútù rẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé oyin wà nínú ti ọdún yìí?"