Pélé Ìyá Wa

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a ò rí òkè tó yí Iléṣà ká mọ́. Ètè mi gbẹ, eruku sì ń rùn bí ìkòkò amọ̀ tuntun. Mo fi ìró méjì wé fọ́tò ìyá wa, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí a fi dé Òṣogbo. Òun nìkan ni fọ́tò tí ìyá wa yà láyé. Ó ti ṣá tẹ́lẹ̀, ojú wọn ti di funfun báláú, kí òjò tó wá jò sí i nígbà tí páànù ilé mi lu. Kí n tó mọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ dígí, ó sì ti sán káàkiri bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ká ní tèmi nìkan ni, ǹ bá ti gba kámú. Èmi mọ ojú ìyá mi. Mo ti tó ọmọ tó ń pọnmi nígbà tí wọ́n kú. Àbúrò mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà ká lára. Ó ṣì ń rákò nígbà náà, àwọn ẹbí bàbá wa ní Òṣogbo ló sì tọ́ ọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò jọ ẹnì kankan nínú wa, pé ńṣe ni wọ́n he é lẹ́bàá odò. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Òun ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin kan lọ́nà Àbẹ̀rẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Bí a ṣe jókòó, mo fẹ́ fi èékánná ṣí dígí náà.

“Ẹ má ṣí i o, Màmá! Ojú wọn á bá dígí lọ.”

Ó gbé e tòun ti dígí sórí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, ó ní síkánà ni. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọra kọjá lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń fi iná wá abẹ́rẹ́, ìyá wa sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ibi tó sán rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A jókòó tì í títí oòrùn fi mú.

Nígbà tó parí, àbúrò mi figbe ta. “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé! Ẹ wo imú mi!” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n jọra bí ìmumu. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ti dán jù.

“Pélé wọn dà?” ni mo bi ọmọ náà.

“Pélé kẹ̀, Màmá? Mo rò pé ibi tó sán náà ni, mo ti pa á rẹ́.”

“Ìyá mi ò sán o. Ilà ojú ni wọ́n kọ fún wọn.”

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Tí ilà bá wà níbẹ̀, mi ò ní jọ wọ́n mọ́.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un. Àmọ́ ìka mi rántí ilà wọ̀nyẹn ju ojú mi lọ. Orí ilà náà ni mo máa ń fi ìka sí bí oorun bá ń gbé mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Mo ní, “Ìyá ta ni a ó wá máa wò?” Àbúrò mi fi ọwọ́ júwe sí ọmọ náà pé kó ṣe é.

Ọmọ náà padà sórí èyí tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ yà, ó fẹ̀ ẹ́, mo sì ń fi ìka hàn án: èyí sán, èyí ilà. Pélé tún yọ. Àbúrò mi tẹjú mọ́ ọn. Ó wá yọ tìróò àti dígí kékeré jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fa pélé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó wo dígí, ó wo ìyá wa.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ó ní, “ta ló tún ní wọ́n he mí?”

Bó ṣe fi pélé tìróò gba ìgboro Òṣogbo délé nìyẹn, tó ń kí gbogbo èèyàn.

Mo ti rò ó títí látìgbà náà. Ẹ̀rọ lè yọ ojú èèyàn kúrò nínú omi òjò, mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ọgbẹ́ àti èyí tó jẹ́ ẹwà, ẹni tó mọ onítọ̀hún ló máa sọ ọ́, èmi nìkan ló sì kù. Mo wá rí i pé ohun tí mo ní nípa ìyá wa kò tán sára fọ́tò.

Mo sùn sọ́dọ̀ àbúrò mi mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, kó tó dìde, mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo pè é ní oríkì rẹ̀ bí ìyá wa ṣe máa ń pè é tí wọ́n bá fẹ́ gbé e nílẹ̀. Wọ́n máa ń fa ìparí rẹ̀ gùn, wọ́n á sì fi ẹ̀rín sí i. Mo pè é bẹ́ẹ̀ títí tó fi dáhùn.