Itọ́ Tí Ọkọ Mi Kò Lè Gbé Mì

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún Ràmàdáánì ni ara fu mí. Oòrùn ti wọ̀, ládàánì ti pè, gbogbo wa ti fi dàbínù ṣínu, ṣùgbọ́n ọkọ mi ṣì ń tutọ́ sínú agolo tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, mò ń wò ó. Ẹni tó bá ń tutọ́ nítorí ààwẹ̀, kí ló tún kù tó ń tutọ́ sí lẹ́yìn ìṣínu?

Bàbá Sẹ̀kínà ni mò ń pe ọkọ mi. Ó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ ìlọta. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jos, ibí yìí ni wọ́n bí èmi àti òun sí. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, kò pa ààwẹ̀ ọjọ́ kan jẹ rí, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n gbà pé ẹni tó bá gbé itọ́ ara rẹ̀ mì ti ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó pẹ́ tí àwọn àfáà ti ń ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀, etí kan ni kì í gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí agolo yẹn lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrọ̀lẹ́ yìí, mo ní ọkọ mi ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Àfáà àgbà, ṣé itọ́ náà ti di oúnjẹ ni?” Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo tún lọ ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tíṣà pé ẹ̀sìn ọkọ mi ti lé kún sí i.

Ká ní oṣù mìíràn ni, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mi ò bá ti mọ̀, torí àwo oúnjẹ rẹ̀ ì bá padà wá bó ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi ọkùnrin pé kí ló dé tí kò jẹun ọ̀sán nínú Ràmàdáánì? Tó bá di àsìkò sàárì, á ní òun ti mu kùnú kí n tó jí. Tó bá di ìṣínu, á ní òun ti jẹun ní mọ́sálásí. Ohùn rẹ̀ yí padà, mo ní ọyẹ́ ni. Eruku ọyẹ́ ìlú wa yìí ò sì mọ àgbà, gbogbo ọ̀fun ló ń hó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé omi lé e lọ́wọ́. Ó mu díẹ̀, omi náà sì gba imú rẹ̀ padà jáde. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná janjan, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lápá òsì sì ti wú. Mo ní kó yanu, ìka mi méjì kò lè gba àárín eyín rẹ̀ kọjá. Tó bá sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá Lámídì, aládùúgbò wa tó wá bá wa ṣínu, tẹjú mọ́ ọn. “Beli ni wallahi,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí n pe wanzami wá, kíá ló máa gé e.”

Bèlúbèlú ni àwọn Hausa ń pè ní beli, ìyẹn ẹran kékeré tó rọ̀ sẹ́yìn ọ̀fun. Wanzami ni onígbàjámọ̀ wọn, òun náà ló ń gé e. Ọkọ mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè jẹ́ kó gbààwẹ̀ ọjọ́ kejì ló fẹ́. Ẹ̀rù bà mí, díẹ̀ ló sì kù kí n gbà, àmọ́ mo gbọ́ èémí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá mí sínú ni nǹkan ń dún fíín lọ́fun rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá Lámídì, ẹ ṣeun. Abẹ kankan ò ní wọ ẹnu ọkọ mi nínú ilé yìí.” Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, Sẹ̀kínà ọmọ wa ti wà níta, ó ń fi Hausa pe oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ilé ìwòsàn kan lápá Rayfield la lọ. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Ọkọ mi ò lè fẹ̀yìn tì, ó tẹ̀ síwájú, agolo rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, itọ́ ń dà. Mò ń ka èémí rẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ, ó rí agolo náà, ó dúró. Kò bi wá ní nǹkan kan, ó di ọkọ mi lápá mú, ó mú wa wọlé ṣáájú gbogbo èrò. Ohun tí mo fi yangàn lọ́dọ̀ àwọn tíṣà ló rí tí àyà rẹ̀ fi já.

Dókítà náà, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ní, “Sannu Baba. Tun yaushe?” Ìyẹn ni pé láti ìgbà wo. Ọkọ mi na ìka márùn-ún. Èmi rò pé ọjọ́ méjì ni. Inú bí mi sí i, ojú sì tì mí.

Ó béèrè bóyá ó ń wúkọ́. Kò wúkọ́. Ó wọn ibà rẹ̀, ó tẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wò bóyá kókó wà níbẹ̀, ó tan iná sí ìwọ̀nba ibi tí ẹnu rẹ̀ lè ṣí dé. Ó ṣàlàyé fún mi pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀fun dídùn àgbàlagbà, irú kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn ló ń fà á. Ó máa ń bá ikọ́ àti ikun imú rìn, á sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan láìsí pé èèyàn lo oògùn apakòkòrò. Àmọ́ tí ibà bá wà, tí ikọ́ ò sí, tí kókó abẹ́ àgbọ̀n wú, tí nǹkan funfun sì bo tọ́ńsìlì, ìyẹn ẹran méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀fun, ó lè jẹ́ irú èyí tí oògùn náà ń ràn lọ́wọ́. Ti ọkọ mi ti kọjá ìyẹn. Eéwo tó kún fún ọyún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ńsìlì rẹ̀ lápá òsì, ó ti ti bèlúbèlú rẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì ń dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ wanzami fún un. “Gara da kuka zo nan, Mama,” ló wí. Ó sàn bẹ́ ẹ ṣe wá síbí.

Ọkọ mi gba bírò, ó kọ ọ́ sórí ìwé pé: Ṣé mo lè gbààwẹ̀ lọ́la?

Mo ní, “Ọlọ́run tó ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀ náà ló ní kí aláìsàn jẹun. Ẹ yanu, ẹ jọ̀ọ́.”

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fín oògùn tó ń pa ìrora sí i lọ́fun. Dókítà wá ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ inú eéwo náà. Mi ò ní parọ́ fún ẹni tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí, ó dùn ún. Ó fún ọwọ́ mi títí òrùka fi wọ̀ mí lára. Ọyún tó ki, tó ń rùn, kún inú síríǹjì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó pa ẹnu dé, mo sì rí i tí gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gbé itọ́ mì. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Wọ́n kó kásúùlù tó máa lò nílé fún un. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó fẹ́ fi ìyókù sílẹ̀, èmi ni mò ń dúró tì í títí ó fi lò ó tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, tí ọ̀fun bá ń dun èèyàn yín tí kò lè yanu, tí kò lè gbé itọ́ mì, tí ohùn rẹ̀ yí padà tàbí tí èémí rẹ̀ ń dún, ẹ má ṣe dúró de ìṣínu. Ẹ gbé e lọ.

Mo ti dúpẹ́ ojú, mo ti dúpẹ́ ẹsẹ̀, mi ò dúpẹ́ itọ́ rí láyé mi. Ní báyìí, mo ń dúpẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Bàbá Sẹ̀kínà bẹ̀rẹ̀ sí í san àwọn ọjọ́ tó jẹ padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé nígbà tó pè mí.

“Ìyá Sẹ̀kínà, gbọ́.”

Ó na ọrùn, ó gbé itọ́ mì, ó jẹ́ kó dún dáadáa. Mo ní kó tún un ṣe.