Ọmọ Ajá Inú Fíríìsà

Ìró tí Onífíríìjì kọ́kọ́ mọ̀ láyé kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Ìró ṣéènì ni, tó ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn. Ajá bàbá rẹ̀ ló wà lórí ṣéènì náà. Wọ́n so ó mọ́ òpó láti kékeré títí tó fi kú, nígbà tó sì kú, wọ́n ní kò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ kankan rí.

Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí Onífíríìjì so ajá mọ́lẹ̀ nígbà tó dàgbà. Abo kan ló ní, tó ń sùn lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, láàrin àwọn ẹ̀yà fíríìjì tó ń tún ṣe. Nítorí pé ọkùnrin náà kò gbéyàwó, àwọn ará àdúgbò sọ ajá náà ní Ìyàwó. Kò bá wọn jà. Ó ní Ìyàwó tòun kì í béèrè ibi tóun ti ń bọ̀.

Nígbà tó fẹ́ kí ajá náà bímọ, ó rò pé kí òun ṣáà ṣílẹ̀kùn, kí akọ kan wọlé. Dókítà ẹranko, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló là á lójú. Ó ní kí ó dúró kí ajá náà dàgbà dáadáa, kí wọ́n ya fọ́tò egungun ìbàdí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àìsàn wà níbẹ̀ tí ọmọ lè jogún, kí akọ náà ya tirẹ̀, kí ó sì ti mọ ẹni tó máa gba àwọn ọmọ kí oyún tó dé. Onífíríìjì ní ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ọba gan-an kì í rí irú ìyọnu yìí. Síbẹ̀ ó ṣe é. Ọkùnrin kan tó ní akọ lé e jáde nítorí pé ó béèrè fọ́tò ìbàdí. Ó ní, "Nínú ìwọ àti ajá rẹ, ta ló ń wá ọkọ?"

Fíríìsà ńlá kan tí kò gbọ́ oògùn mọ́ ló fi ṣe ibi ìkúnlẹ̀. Ó yọ ìdérí, ó gé iwájú rẹ̀ wálẹ̀, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sí i. Ọmọ mẹ́rin ni Ìyàwó bí síbẹ̀, tí wọ́n ń tọ̀ sórí àwọn olóṣèlú láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹni tó bá wá béèrè ọmọ ajá á jókòó sórí àpótí kékeré, á máa ròjọ́ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ibo ni ajá máa sùn? Ta ló máa ń wà nílé? Bó bá ṣàìsàn ńkọ́? Mẹ́ta rí ilé lọ. Ó ku abo kan, alágídí tó ti jẹ wáyà méjì. Ìgbà náà ni Àǹtí dé.

Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló mú un lọ kọ́ṣẹ́. Bí Àǹtí bá ní òun fẹ́ kídìnrín, ọ̀tún àbí òsì ni àbúrò rẹ̀ yóò béèrè. Ṣùgbọ́n ajá mẹ́ta ló ti kú mọ́ Àǹtí lọ́wọ́, gbogbo wọn lórí ìso, nínú oòrùn.

Àǹtí kò jókòó sórí àpótí. Ó fa ọmọ ajá náà sókè lọ́rùn, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní yóò máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù òun, yóò sì máa bímọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

 Onífíríìjì fi dókítà ṣe àwáwí, ó ní dókítà ló ní ajá yìí ò gbọdọ̀ kúrò nílé. Àǹtí ní kò burú, kí ó pe dókítà kí òun fetí ara òun gbọ́. Ó pè é. Dókítà ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, ara ọmọ ajá náà le koko, ó sì pa fóònù.

"Ẹnu tìẹ ni mò ń wò báyìí," Àǹtí ní.

"Èmi ni mi ò fún yín, Àǹtí. Ẹ máa so ó mọ́lẹ̀."

"Kí la wá ń ṣe fájá, ká gbé e pọ̀n?"

"Mẹ́ta lẹ ti so kú."

"Èmi ni mo tọ́ ẹ. Ṣé mo so ẹ́ ni?"

"Ẹ ò so mí, Àǹtí. Ìyẹn ni mo ṣe wà láyé."

Ẹ̀rín fẹ́ mú Àǹtí, ó gbé e mì. Ó gbé ọmọ ajá náà sílẹ̀, ó gbọn irun kúrò láṣọ. Ó ní òun ti rí i pé ajá ti di ẹ̀gbọ́n fún Onífíríìjì; lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá, kí ajá gbé e lọ sọ́síbítù. Àbúrò rẹ̀ ní ó dàbọ̀, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Onífíríìjì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé abọ́ oúnjẹ Ìyàwó lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Oúnjẹ àárọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó bomi sí i, ó fi èékánná ha á, ó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi ro.