Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bẹ̀ fún Gólì Wa

Òórùn méjì ló máa ń kún yàrá ìmúra wa ní pápá tó wà lágbègbè Valence, ní Dagenham, ní London níbí: òórùn koríko tútù, àti ti ìpara tó ń ta, èyí tí àwọn ọmọ náà fi ń ra orúnkún kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣi ilẹ̀kùn láìròtẹ́lẹ̀, omi á bọ́ lójú rẹ. Èmi ni mo ń fọ jẹ́sì fún wọn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò sì gbá bọ́ọ̀lù rí láyé mi; eré kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n sá ni èyí tí mo fi ń lé bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kí n lè tètè dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà nígbà kan. Mo tẹ̀lé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí bí jẹ́sì wọn ṣe dọ̀tí, ojú sì tì mí fún wọn. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, mo gbé e lọ sílé, mo fọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, èmi ò kúrò. Àǹtí Jẹ́sì ni gbogbo wọn ń pè mí, àti ọmọ Yorùbá inú wọn àti ọmọ òyìnbó.

Ká má parọ́ fúnra wa, ọ̀rẹ́ mi, ẹgbẹ́ wa ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó wà ní líìgì àwọn obìnrin yẹn, bí a bá ṣe ipò keje, ńṣe là ń ra kéèkì. Gólì wa, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ilé fún wa, ló ga jù nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn, ó sì gba yàrá kan sí Barking Riverside, níbi tí atẹ́gùn odò ti ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Dagenham níbí ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀ alára ga débi pé ó máa ń tẹrí ba wọ ilé èèyàn, nítorí náà gíga ọmọ ò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gíga yẹn ò sì ràn wá lọ́wọ́ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Bọ́ọ̀lù òkè, á mú un. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀, á gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń relé.

Òun nìkan ló máa ń dúró bá mi kó ẹrù lẹ́yìn eré. Lọ́jọ́ kan tí à ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ìbọ̀sẹ̀, ó ní, “Àǹtí, there's something I need to tell you. I'm trans. Nígbà tí wọ́n bí mi, boy ni wọ́n kọ sínú ìwé.” Mo wò ó. Ìbọ̀sẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́ láti kékeré sáré gba orí mi kọjá, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún. Mo ṣí ike ìrẹsì tí mo gbé dání, a jọ fi ṣíbí kan ṣoṣo jẹ ẹ́.

Mi ò ní sọ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ yé mi lọ́jọ́ náà. Ó gbà mí lóṣù púpọ̀, mo sì bi í ní àwọn ìbéèrè tí ojú ń tì mí fún báyìí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa rẹ̀, obìnrin ni mo sì mọ̀ ọ́n sí. Ìyá rẹ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀. Èmi àti ìyá náà jọ ń jọ́sìn ní ìjọ Aládùúrà kan náà, a jọ ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti tó ọdún méjì tí kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Mo wá ń ṣe ìyá fún un díẹ̀díẹ̀, láì jẹ́ kí ìyá gan-an mọ̀.

Líìgì mọ̀ nípa rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ti kó ìwé dókítà fún wọn kó tó wọ pápá, wọ́n wò ó, wọ́n fọwọ́ sí i. Sáà kẹta tó ń ṣọ́ ilé fún wa ni òfin yí padà. Ìwé dé láti òkè, lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù England, pé bó bá ti di sáà tó ń bọ̀, àwọn tí wọ́n bí ní obìnrin nìkan ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin. Inú yàrá ìmúra ló ti kà á lórí fóònù. Kò sunkún. Ó kàn jókòó, ìbọ̀wọ́ gólì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó ní, “It's three games left, Àǹtí. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n finish the season. Mi ò béèrè ju ìyẹn lọ.”

Eré mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó kù fún wa láti bá gbá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ líìgì pé kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá ní kí ẹgbẹ́ méjèèjì wá sọ tẹnu wọn, pé ọwọ́ àwọn ló kù sí láti pinnu bóyá gólì wa yóò parí sáà tàbí yóò dúró níbẹ̀. Ọmọ náà fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Á kọ, á fà á ya, á tún un kọ, títí ó fi di ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà èmi ni ọmọ náà ní kí n bá òun lọ. “Ẹ kàn jókòó tì mí, Àǹtí. Ẹ ò ní láti say anything.” Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Àárọ̀ Sátidé ni. Mo wọ ìró àti bùbá tí mo fi ń lọ ìsìn ìdúpẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ náà ní èèyàn. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì nínú gbọ̀ngàn kékeré kan: ọkùnrin arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun, òun ni alága, àti obìnrin méjì. Balógun ẹgbẹ́ tó kọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kúkurú kan. Ó ní òun ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, kò sí ẹgbẹ́ fún obìnrin ládùúgbò òun, àárín àwọn ọmọkùnrin lòun ti ń gbá a títí wọ́n fi lé òun. Pé ìyá òun àti àwọn ìyá mìíràn ló wá pápá kiri kí àwọn tó ní ibi tí àwọn lè pè ní tàwọn, òun ò sì fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ó wo gólì wa, ó ní, “I'm sorry. It's not about you.” Mi ò lè pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní irọ́. Èmi náà mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n sọ fún obìnrin pé kò sí àyè. Ṣùgbọ́n gólì wa náà kì í ṣe irọ́, ibi tí mo jókòó sí gan-an ni ọkàn mi ti ń fà ya sí méjì.

Alága wá ní ó kan gólì wa. Ó tú ìwé rẹ̀, ó dìde. Ìwé náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rí i. Ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní ṣé èmi yóò jókòó síbẹ̀, kí ọmọ máa gbọ̀n níwájú àwọn àgbà? O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Bí ọ̀ràn bá dé bá ọmọ, kì í ṣe òun ló ń rojọ́. Àgbà á dìde, á kúnlẹ̀, á bẹ̀bẹ̀, kódà bí ọmọ náà bá jàre. Ẹ̀bẹ̀ nílé wa kì í ṣe pé a gba ẹ̀bi. Ọ̀nà tí à ń gbà fún ẹni tó ní agbára láyè ni, kó lè ṣàánú láì tẹ́. Mo ti rí ọ̀ràn tó le ju èyí lọ tí ẹ̀bẹ̀ tú ká. Mo fọwọ́ kan ọmọ náà lápá, mo ní, “Jókòó, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́.”

Ó ní, “Àǹtí, no, please.” Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Please sir, please ma, ẹ dákun,” mo ní, ọwọ́ mi méjèèjì pa pọ̀. “We are begging you. Forgive her. Small girl ni, she doesn't know it will become like this. Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é. It will not happen again.”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí gbogbo wa há sórí nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń fọ́ àwo ìyá mi ni mo ti ń sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Alága yẹn pupa dé etí, ó ní, “Madam, please, get up.” Ojú ń tì í fún mi. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń kọ̀wé, bírò rẹ̀ ń sáré. Nígbà tí mo dìde tí mo yíjú, gólì wa ti ká ìwé rẹ̀ sí mẹ́rin. Alága bi í bóyá ó ṣì ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní, “No. Thank you.” Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà títí di òní.

Ní ibùdó bọ́ọ̀sì ló tó lanu. Kò pariwo; ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó ní, “Àǹtí, kí ni mo ṣe?” Mo ní kó má bínú, pé bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “Ẹ ní it will not happen again. What won't happen again? Èmi?”

Bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́. Mi ò lè bá a wọ̀ ọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìdáhùn ìgbìmọ̀ dé. Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ṣojú ẹgbẹ́ wa ti tọrọ àforíjì, tó sì ti fi dá àwọn lójú pé kò ní wáyé mọ́, kí òfin bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, pé wọn ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ náà ni. Bóyá òótọ́ ni. Èmi ṣáà ni mo fún wọn ní gbólóhùn tí wọ́n kọ sínú ìwé. A gbá eré mẹ́ta tó kù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn ni wọ́n fà wá ṣọ́ ilé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi nà wá. Gólì wa ò wá wò ó. Ó fi jẹ́sì rẹ̀ rán ẹnì kan sí mi, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Láti ọdún mẹ́ta, èmi ni mo ń fọ jẹ́sì yẹn. Mo gbé e sórí itan, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo lọ bá a ní Riverside lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní omi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, nítorí mi ò mọ ọ̀nà mìíràn, ó sì gbá mi mú lápá kí orúnkún mi tó kanlẹ̀. “Please, ẹ má kneel torí mi mọ́, ma,” ó ní. Ma ló pè mí. Bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà ní ilé ìtajà oògùn nìyẹn. Kò pẹ́ sígbà náà tó rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó sì kó lọ. Ó ṣì ń kí mi lọ́jọ́ ìbí mi lórí fóònù. Good morning ma, ẹ kú ọjọ́ ìbí.

Mo ti rò ó títí. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, mo rò pé ìfẹ́ náà tó. Mo bẹ àwọn tí mi ò ṣẹ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ ò sì fún mi láyè láti bẹ òun. Ìwé kan ló fẹ́ kà. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn òun lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn, èmi tí mo pe ara mi ní ìyá ni mo sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Báyìí, bí ọ̀rọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá délẹ̀ níbi ìpàdé bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa, mo máa ń lọ, mo máa ń jókòó ti ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì ń pa ẹnu mi mọ́. Ó ṣòro fún mi ju iṣẹ́ ilé arúgbó lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyá gólì wa bá mi níbi tí mo ti ń wọ bàtà. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Kò pe orúkọ ọmọ náà, ó tẹrí ba bó ṣe máa ń ṣe, ó fohùn jẹ́jẹ́ ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní wọ́n lé e. Kí ló ṣe fún wọn?” Mo wò ó lójú, mo ní, “Kò ṣe nǹkan kan.” Ó jókòó tì mí sórí bẹ́ǹṣì, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà nìyẹn, òun gan-an ló yẹ kí n sọ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́sí. Mo pẹ́ kí n tó sọ ọ́, ibi tí mo sì ti sọ ọ́, ọmọ náà ò sí níbẹ̀ láti gbọ́.