Òjò Ẹ̀yìn Bọ́dà

"Ọlọ́run, jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sí oko wọn, kó tó rọ̀ sí tiwa."

Ohùn bàbá alágbẹ̀dẹ tí ilé wọn fara ti tiwa nìyẹn, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Èmi wà lórí ẹní ní ìhà kejì ògiri, mò ń gbọ́, inú sì ń bí mi. Oko àwọn Ìbàrìbá tó ń gbin òwú lẹ́yìn bọ́dà ni Bàbá ń wí. Ilẹ̀ Ṣakí gbẹ táútáú, àgbàlagbà wá ń tọrọ òjò fún ìlú onílùú. Kí ni wọ́n rò tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá mi, tó ń yan gàrí tà, máa ń fún mi ní ẹ̀kọ gbé lọ fún Bàbá ní àgbẹ̀dẹ. Ẹwìrì á máa mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, òórùn èédú á gba imú mi kan. Ọjọ́ kan ni mo bi wọ́n.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ń tọrọ òjò fún àwọn Ìbàrìbá?"

"Ìyàwó mi," bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "bí òwú wọn bá ṣe dáadáa, ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń ra ọkọ́?"

"Ọwọ́ yín ni."

"Bí mo bá wá ta ọkọ́, gàrí ta ni mò ń rà?"

"Ti ìyá mi."

"Kí ni ìyá rẹ fi ń ra àkàrà fún ọ?"

Ó yé mi, kò sì yé mi. Báwo ni òjò ṣe máa rọ̀ lọ́hùn-ún tó máa di àkàrà lẹ́nu mi?

Lọ́dún kan, òjò rọ̀ lẹ́yìn bọ́dà lóòótọ́. Àwọn awakọ̀ sọ pé òwú funfun báláú títí dé ilẹ̀ Ìbàrìbá inú lọ́hùn-ún. Inú Bàbá dùn. Wọ́n ta ewúrẹ́ wọn, wọ́n fi ra irin àlòkù, wọ́n rọ ọkọ́ látìgbà ọyẹ́ títí ọyẹ́ fi lọ. Òkìtì ọkọ́ náà ga jù mí lọ.

Àwọn Ìbàrìbá dé, inú ọkọ̀ tuntun ni wọ́n wà. Wọ́n kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn ò sì fọwọ́ kan ọkọ́ kankan. Àgbà inú wọn ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Katakata ló ń tú ilẹ̀ fún wa báyìí." Ó wá béèrè ilé onígàrí. Òwú ti gba gbogbo ilẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ mọ́.

Gbogbo gàrí ìyá mi ni wọ́n rà kó lọ. Ìyá mi ń ránṣẹ́ sí Ìwéré-Ilé fún ẹ̀gẹ́, a kan páànù tuntun sórí ilé, gàrí sì gbówó lórí. Mo rí Bàbá níwájú ìsọ̀ wa, wọ́n wo kóńgò títí, wọ́n yí padà. Ìyá mi gbé gàrí sáré tẹ̀ lé wọn. Bàbá ní, "Gbé e padà, ọmọ mi. Ọjà ni."

Mo lọ sí àgbẹ̀dẹ. Eérú ti tutù.

"Bàbá, àdúrà yín ò gbà."

Wọ́n wo páànù ilé wa. "Ó gbà, ìyàwó mi. Ilé yín ló yà sí."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi etí lé ògiri. Mo fẹ́ kí wọ́n yọ àwọn Ìbàrìbá kúrò nínú àdúrà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n lè yọ wọ́n, nítorí gàrí wa. Bàbá kírun tán, wọ́n ní, "Ọlọ́run, jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sí oko wọn." Mo sunkún, mi ò mọ ẹni tí mò ń sunkún fún.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti kú. Àwọn mìíràn ló ń tún ọ̀kadà ṣe níbi tí ẹwìrì wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mò ń ta gàrí báyìí. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú níhà bọ́dà, mo máa ń pe awakọ̀ tó ń bá mi kó gàrí lọ sọ́hùn-ún: "Ṣé ó ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Lẹ́yìn ìrun, mo máa ń gba àdúrà Bàbá gẹ́lẹ́. Ẹnu mi kì í sì í yá sí àmín, torí mi ò mọ ilé ẹni tí òjò náà máa fò kọjá, bó ṣe fo ti Bàbá, kó tó dé tèmi.