Ìbọn Tí Verna Yàn

Ẹ̀rọ tó ń di koríko ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún Verna Tollefson, opó tó ń sin àgùntàn ní Montana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kó tó fi ọwọ́ yẹn ki ọta kejì, ìkookò á ti gbé ọmọ àgùntàn lọ. Ló bá lọ sọ́dọ̀ Orville tó ń ta ìbọn, ó ní òun fẹ́ èyí tó ń ki ọta fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n owó òun ò pọ̀.

Orville gbé tuntun kan tó ń dán wá. Verna dán an wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọta kẹta há. Verna wá mú àlòkù kan tí igi ìdí rẹ̀ ti họ. Ó yin ogún ọta, ìkankan ò há.

"Màmá, èyí mà burẹ́wà o!" ni Orville wí.

"Ṣé mo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni?"

Lọ́sẹ̀ tó rà á, ìkookò méjì wọ ọgbà àgùntàn rẹ̀. Verna pa méjèèjì. Ó ń rẹ́rìn-ín.