Omi Ẹja Jíjẹrà Tí A Gbé Lọ sí Ìkátẹ̀

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní í gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi pàápàá, tó ti gbọ́ ọ sú, ṣe ló máa ń ní, "Irọ́ ti tún dé." Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ná, kẹ́ ẹ tó bú mi.

Láàárín àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn, ẹ̀kọ́ nípa àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ni mò ń kọ́ ní yunifásítì kan l'Ékòó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A ò pọ̀ rárá. Ẹni tó bá rí wa lẹ́yìn ọ̀gá wa yóò rò pé ẹbí kan ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn aláṣẹ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ò bá wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, wọn yóò ti ẹ̀ka wa pa, wọn yóò sì pín wa káàkiri bí ẹni pín ọmọ òrukàn fún mọ̀lẹ́bí. Èmi ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀.

Ọ̀gá wa, tí wọ́n ń kọ́ wa ní Látìn, ní kí á gbé ẹ̀kọ́ wa jáde lọ bá ará ìlú. Kí á lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkátẹ̀, kí á se àsè bí àwọn ará Róòmù ṣe ń sè é, bóyá ẹ̀ka wa á wu àwọn ọmọ ibẹ̀. Èyí dáa. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé wọ́n kà á níbì kan pé ará Róòmù kì í jẹun láìsí omi ẹja: ẹja tìfun-tẹ̀dọ̀ àti iyọ̀, nínú oòrùn, títí yóò fi yọ́.

Wọ́n ra ṣáwá l'Ajah níbi tí wọ́n ń gbé, wọ́n rọ́ ọ sínú kẹ́ẹ̀gì méjì, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé wọn lábẹ́ fèrèsé yàrá kan. Ta ló ń sùn nínú yàrá yẹn? Èmi ni, torí n ò rí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́dún náà, ọ̀gá àti màdáámù, ìyàwó wọn, ló gbà mí sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbóòórùn òkú eku rí. Mo ti gbóòórùn gọ́tà Ajah lásìkò òjò. Eré ni wọ́n ń ṣe. Òórùn yìí máa ń wọlé wá jókòó tì mí bí àlejò tí ò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Ó wọnú aṣọ, ó wọnú búrẹ́dì. Lọ́jọ́ tí mo ṣí ìdérí, ìdin funfun ń yí lójú omi bí ìrẹsì tó ń hó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìdin ti wà nínú ẹ̀ o."

"Fi asẹ́ sẹ́ ẹ."

"Asẹ́ wo, sà? Asẹ́ ògì màdáámù?"

"Má ṣáà jẹ́ kó rí ẹ."

N ò mu ògì nínú ilé yẹn mọ́ títí mo fi kó jáde.

Lọ́jọ́ àsè, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ró aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun bí ará Róòmù. Bí a ṣe ń kọjá ní Ìkátẹ̀, obìnrin kan pariwo láti ìsọ̀ rẹ̀: "Ẹ̀yin aládùúrà, etíkun ò sí lọ́nà ibẹ̀ yẹn o!"

Bàbá kan láti ìdílé onílẹ̀ ni alága àsè náà. Orí ilẹ̀ wọn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Bí Bàbá bá jẹ ẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn á jẹ ẹ́. A gbé búrẹ́dì àti omi ẹja síwájú wọn. Wọ́n gbórí sẹ́yìn.

"Kí lèyí?"

Ọ̀gá ṣàlàyé, wọ́n fi Látìn lé e.

"Irú ń rùn, a mọ̀," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n irú kì í rùn bí ẹni tó yẹ ká ti sin. Ó dáa. Nílé tiwa, ẹni tó gbé oúnjẹ wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ tọ́ ọ wò."

Ọ̀gá fọwọ́ tún táì wọn ṣe. "Ààrẹ ẹgbẹ́ wa ló máa tọ́ ọ wò."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo rántí ọmọ òrukàn. Mo ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́, mo fi sẹ́nu. Nǹkan kan tó ti jẹ́ egungun rí yọ́ sí mi láhọ́n. Mo gbé e mì, mo rẹ́rìn-ín.

"Ó dùn?" ni Bàbá bi mí.

"Ó dùn, Bàbá."

"Ó dùn kẹ̀! Tún lá a ká rí i."

Mo tún lá a.

"Omijé ń bọ́ lójú ẹ."

"Adùn ni, Bàbá."

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn ọmọ ń lu bẹ́ǹṣì: "Tún lá a! Tún lá a!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fẹnu kàn án. Ọ̀gá ńkọ́? Mo rí wọn tí wọ́n ń fi bàtà ti abọ́ tiwọn sábẹ́ tábìlì. Títí dòní, abọ́ yẹn ń rí mi lára ju ìdin lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà, ikùn mi ń sọ èdè Látìn, nígbà tí ọ̀gá kanlẹ̀kùn, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìkátẹ̀ ti fóònù wọn: àwọn ọmọ ń bèèrè ẹ̀ka wa. Ọ̀rẹ́ wọn tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ṣàngótẹ̀dó náà ti gbọ́, ó ní kí á máa bọ̀.

"Wọn ò ní í tì wá pa mọ́!" ni ọ̀gá wí.

Mo di ògiri mú dìde kí n lè dúpẹ́.

"Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ni wọ́n fẹ́ rí o. Wọ́n ní ká mú ẹni tó ń jẹ ẹ́ dání."

Kí n tó yọjú wo mọ́tò wọn ni mo ti mọ ohun tó wà nínú búùtù. Òórùn kẹ́ẹ̀gì kejì ti ṣíwájú wọn wọlé.